Gbẹ́nàgbẹ́nà àti Gbẹ́nugbẹ́nu ní Ẹ̀sìẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Bí oníṣẹ́ ọnà bá ti sọ irinṣẹ́ kalẹ̀, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa ròyìn iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbẹ́nugbẹ́nu bá ròyìn títí, tí ó wá wí pé kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà kankan níbẹ̀ rí ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni mo gbé bọ̀ láti Ẹ̀sìẹ́, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni a gbéra láti Akówọnjọ. A gba Ìbàdàn àti Ìlọrin kọjá kí a tó wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ẹ̀sìẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ lé ní 1,000. Òmíràn kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Èyí tí ó tóbi jù, tí wọ́n ń pè ní Ọba Ère, ga tó nǹkan bíi mítà kan. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí. Òmíràn mú àdá lọ́wọ́, òmíràn kọ ilà sójú. Òkúta rírọ̀ kan tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni orí ti kán kúrò lọ́rùn wọn.

Ìtàn ìlú náà sọ pé àwọn baba ńlá wọn bá àwọn ère yìí níbẹ̀ ni. Wọ́n ní àlejò ni wọ́n, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ìbínú Olódùmarè sì sọ wọ́n di òkúta. Ní ọdún 1933 ni òyìnbó kan tí ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wò, H. G. Ramshaw, dé ibẹ̀, tí òkìkí wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn kiri. Ní ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ọmọ kan bi mí léèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ lóòótọ́?” Mo wo bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ ìlú, tí ó dúró tì wá, mo sì dáhùn pé, “Bí wọ́n ṣe ń pa á nítàn nìyẹn.” Ìdáhùn ojo ni. Nígbà tí àwọn ọmọ rìn síwájú, bàbá náà sọ fún mi pé, “Tíṣà, kò sí ọmọ ìlú yìí tí yóò di orí ènìyàn sínú àpò lọ tà. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé òkúta lásán ni, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Ìbẹ̀rù ti ṣọ́ àwọn ère yìí fún ìgbà pípẹ́ kí ìjọba tó mọ̀ wọ́n rárá, kí òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ti ọdún 1979 tó dá àjọ tí ń bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í bá òkúta rìn kọjá ibodè. Ní ọdún 2000, ICOM, àjọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, ka ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tí olè ń wá kiri jù. Ẹni tí ń rà á ní òkè òkun kò gbọ́ ìtàn àwọn àlejò rí, bí ó bá sì gbọ́ ọ, owó ni yóò fi lé orí ọjà náà.

Ẹjọ́ mìíràn tún wà tí kò sí ẹni tí ń bá wọn rò ó: ti àwọn tí ó gbẹ́ òkúta náà. Ní Copán, ní orílẹ̀-èdè Honduras, àwọn Máyà gbẹ́ orúkọ ọba wọn sára òkúta, a sì ń kà á títí di òní. Àwọn ti Ẹ̀sìẹ́ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọnà náà nìkan ni ẹ̀rí wọn. Bí a bá wá sọ pé ìbínú ọ̀run ni ó ṣe é, a ti gba ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún òkú lọ́wọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ra ààbò fún iṣẹ́ rẹ̀?

Lójú tèmi, kò tọ́. Ṣùgbọ́n kò tọ́ pẹ̀lú kí a fi ìtàn náà ṣẹ̀sín. Bí a bá tẹ́tí sí i dáadáa, oríkì gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Àwọn tí ó kọ́kọ́ bá àwọn ère náà pàdé wò wọ́n, wọ́n rí i pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n mí, wọn kò sì rí àlàyé mìíràn ṣe ju pé wọ́n ti mí rí lọ. Ìyìn wo ni ó tún ju èyí lọ?

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo pe ọmọ náà padà. Mo ní, “Ènìyàn ni ó gbẹ́ wọn. Ó sì gbẹ́ wọn dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi rò pé ènìyàn ni wọ́n.” Ó tún padà lọ wò wọ́n, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè bàbá náà kò tíì tán. Ìbẹ̀rù a máa ṣọ́ nǹkan láìgba owó iṣẹ́. Ọ̀wọ̀ ní tirẹ̀, àfi kí a kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti ìran dé ìran. Iṣẹ́ ńlá ni, àwa olùkọ́ sì ni ó já lé léjìká. Gbẹ́nàgbẹ́nà Ẹ̀sìẹ́ ti ṣe tirẹ̀ tán láti ọjọ́ pípẹ́. Àwa gbẹ́nugbẹ́nu ni ó kù.