BABA NÁÀ JÁDE LẸ́Ẹ̀MEJÌ

  

*Bíbélì kíkà:* Lúùkù 15:1-7 àti 15:11-32

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dáhùn o. Ká ní owó tó wà lọ́wọ́ ìjọ kò tó ju kí a fi ọmọ kan ṣoṣo sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ. Ọmọ méjì sì wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, kì í pa ilé ìjọsìn jẹ. Èkejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ ìta rìn. Ta ni ẹ máa fún?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ lọ́dọ̀ tèmi. Mo wà nínú kọ̀mítì tó ń rí sí ìrànwọ́ nínú ìjọ kan nígbà kan. Ìyá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá bá wa, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Màmá yẹn ò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó ní àwọn ọmọkùnrin kan ti ń wá súfèé pè é lẹ́yìn wíńdò lálẹ́, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, ó ní tí ọmọ náà bá rí iṣẹ́ wẹ́dà kọ́, tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú àárẹ̀ lójoojúmọ́, bóyá kò ní dá wọn lóhùn mọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní a ò lè máa fi owó Ọlọ́run ṣe ọmọ ìta lóore. Mo ní bí a bá fún eléyìí, kí la fẹ́ sọ fún àwọn tó ń ṣe dáadáa? Gbogbo kọ̀mítì mi orí. A fún ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn. Màmá dìde, ó ní, "Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dìgbà tó bá dáa kí ẹ tó ràn án lọ́wọ́ ni?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. A lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn ti dá dúró báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èyí èkejì, mo máa ń rí i ní oríta nígbà mìíràn. Ojú àpá wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi: "Dádì, ẹ káàárọ̀ o." Màá na owó díẹ̀ sí i láti ojú fèrèsé mọ́tò, màá sì tètè ṣáná. Kò tíì sọ̀rọ̀ burúkú sí mi rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé a ṣẹ̀ tí a fún ọmọ tó ń ṣe dáadáa. Ohun tí a ṣe tí kò dára ni pé lẹ́yìn tí a fún un tán, a pa ìwé dé. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó béèrè pé ta ló ń súfèé lẹ́yìn wíńdò yẹn. Owó ló tán. Kì í ṣe ẹsẹ̀ wa ló gé. A lè lọ kí màmá nílé. Ẹnì kan nínú wa lè ní kí ọmọ yẹn máa wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé. A ò ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú Bíbélì. Ẹ̀gbọ́n ọmọ onínàákúnàá bínú nígbà tó gbọ́ ìlù àti ijó. A máa ń yára bú u nínú ìwàásù wa. Àmọ́ ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ ni? Òun ló ń lọ sóko. Òun ló dúró ti baba. Kò sẹ́ni tó pa ẹran fún un rí. Lóde òní náà, ọmọ tó ń ṣe jẹ́jẹ́ ń wò wá. Ó ń rí i pé tí àkókò ìbò bá dé, àwọn tó ń mú àdá kiri ni olóṣèlú ń wá, àwọn ló ń rí owó gbà. Tí ìjọ náà bá tún lọ ń ké àwọn kan náà, kí la fi ń kọ́ ọmọ jẹ́jẹ́? Nítorí náà, ìbéèrè tí mo béèrè ní kọ̀mítì kì í ṣe ìbéèrè aṣiwèrè. Ìdáhùn tí mo fún un ló kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1990, ènìyàn 152 ni wọ́n pa nínú ìlú yẹn. Kíráàkì, oògùn olóró tó gbòde nígbà náà, ti wọ àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, ìbọn sì tẹ̀ lé e wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ń pa ara wọn bí ẹni pa ẹran. Àwọn ìjọ wà ní àdúgbò yẹn o. Wọ́n ń sìnkú, wọ́n ń wàásù, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, wọ́n á ti ilẹ̀kùn.

Ní oṣù Karùn-ún 1992, wọ́n ń ṣe ìsìn ìsìnkú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n yìnbọn pa, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Morning Star Baptist ní Mattapan. Bí ìsìn ti ń lọ lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ gáńgì kan kọ lu ọ̀dọ́ mìíràn nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, wọ́n gún un lọ́bẹ lójú gbogbo ìjọ. Ohun tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta wá bá wọn nínú ilé.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn pásítọ̀ kan kó ara wọn jọ. Eugene Rivers wà lára wọn, Ray Hammond àti Jeffrey Brown náà wà níbẹ̀. Ohun mẹ́wàá ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó yẹ kí ìjọ ṣe, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ wọn ti gba orúkọ Ten Point Coalition. Ṣùgbọ́n ohun tí ayé fi mọ̀ wọ́n jù ni rírìn. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí onílé ti wọlé, wọ́n á jáde lọ síbi tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń dúró sí.

Rivers máa ń sọ bí oníṣòwò oògùn olóró kan ṣe la òun lójú. Ọkùnrin yẹn jẹ́ kó yé e pé nígbà tí ọmọ bá ń lọ sílé ìwé, òun wà lójú títì. Nígbà tó bá ń bọ̀, òun wà níbẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bá rán an ní búrẹ́dì, òun wà níbẹ̀. Pásítọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni ọmọ á tẹ̀ lé.

Brown náà ti sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá àwọn lóhùn. Àwọn ọmọ yẹn kàn ń wò wọ́n ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti bóyá wọ́n wá fi àwọn ṣe orúkọ ni. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ wọn ò yẹ̀, tí wọ́n sì ń gbọ́ ju bí wọ́n ṣe ń wàásù lọ, ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní 1996, ọlọ́pàá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀dọ́ àti àwọn pásítọ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ nínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní Operation Ceasefire. Wọ́n á pe àwọn ọmọ gáńgì jókòó, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ méjì fún wọn. Èkíní: a fẹ́ kẹ́ ẹ wà láàyè, ìrànwọ́ nìyí, iṣẹ́ nìyí. Èkejì: pípa ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró, ẹgbẹ́ tó bá tún pààyàn, gbogbo ẹgbẹ́ náà ni òfin máa kojú. Nígbà tó di 1999, àwọn tí wọ́n pa ní Boston kò ju 31 lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ìjọ nìkan kọ́ ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ètò yẹn dẹ̀, lẹ́yìn ọdún 2000, pípa ènìyàn tún gbéra sókè. Iṣẹ́ yìí dà bí oko; bí o bá fi í sílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, koríko á gbà á.

Àmọ́ ẹ wo ohun kan tí àwọn olùwádìí rí níbẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀dọ́ ìlú yẹn, àwọn tó wà nínú gáńgì tó ń fa ìjà kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bíi 1,300 ni wọ́n, nínú ẹgbẹ́ 61. Àwọn díẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ wọn wà nídìí ó kéré tán 60 nínú gbogbo 100 ọ̀dọ́ tí wọ́n pa. Ṣé ẹ rí i? Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún àti ẹyọ kan. Tí mo bá ka ìtàn olùṣọ́-àgùntàn tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún wewu nítorí ọ̀kan. Ní ti ìwà ipá àwọn ọ̀dọ́, ẹni tó lọ wá ẹyọ kan yẹn, ó ń dáàbò bo àwọn tó kù ni. Ọmọ tó ń kọrin nínú akọrin wa, ọ̀nà oríta yẹn náà ló ń gbà lọ sílé. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ẹnì kan lè ní, "Kí a ṣáà dẹ́rù bà wọ́n." Wọ́n ti gbìyànjú ìyẹn náà. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lè jágbe mọ́ wọn kí ẹ̀rù lè bà wọ́n. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi wọ́n wé àwọn tí wọn ò kó lọ, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n kó lọ ló tún dẹ́ṣẹ̀ jù. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí a bá tún fẹ́ pe ìpàdé ọ̀dọ́ ọlọ́jọ́ kan, ká dà á síta lórí máìkì, ká pín tíṣọ́ọ̀tì, ká ya fọ́tò, ká lọ sílé.

Èyí kò sọ pé kí òfin sùn o. Ní Èkó, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2021 sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn lè fẹ̀wọ̀n ọdún 21 jura. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá kan wà tí wọ́n ṣá ọmọ rẹ̀ pa ní Agége, ní Ìkòròdú, ní Ṣàgámù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orúkọ Jésù sọ fún un pé kó tètè gbàgbé. Àánú tí kò bìkítà fún ẹkún ìyá yẹn kì í ṣe àánú. Ṣùgbọ́n òfin máa ń dé lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn. Ta ló máa dé kó tó ṣàn? Ìwọ ni mò ń bá wí, èmi náà sì ni.

Nítorí náà, kí ni ìdáhùn sí ìbéèrè màmá àgbà yẹn? Mo ti wá a títí, ẹsẹ̀ Bíbélì kejì yẹn ni mo ti rí i. Baba inú ìtàn yẹn sáré jáde lọ pàdé àbúrò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n sì bínú tó dúró síta, baba náà tún jáde lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jáde. Kò sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kò ní ẹ̀tọ́. Ohun tó sọ ni pé ohun gbogbo tí òun ní, tirẹ̀ ni. Kò sì gbà pé kí wọ́n torí ẹ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àbúrò. Èmi ní kọ̀mítì, mo rò pé èmi ni baba. Ẹ̀gbọ́n ni mí.

Bí ọmọ ẹni burú títí, a kì í fi fún ẹkùn pa jẹ. A kì í sì í torí ọmọ tó burú kí a fi ebi pa èyí tó dára. Ìjọ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ fún ibi méjèèjì.

*Ohun tí a lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí:* Ronú kan ọmọkùnrin kan ní àdúgbò rẹ, ẹyọ kan péré. Mọ orúkọ rẹ̀. Mọ ẹni tó wà nílé láàárín ìgbà tó bá ti ilé ìwé dé àti ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ti ọjà dé. Wákàtí wọ̀nyẹn ni àwọn ẹlòmíràn fi ń rí i mú. Tí o bá ní ṣọ́ọ̀bù, jẹ́ kó máa wá jókòó tì ọ́. Tí o bá ní ìmọ̀, kọ́ ọ. Tí o bá ṣèlérí pé o máa wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wá. Kó o sì wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Ní tèmi, mo ti pinnu pé tí mo bá tún dé oríta yẹn, màá pa ẹ́ńjìnnì. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ. Màá kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà màmá.

*Àdúrà:* Olúwa, dárí jì wá fún àwọn ilẹ̀kùn tí a tì. Tu àwọn ìyá tí wọ́n pa ọmọ wọn nínú. Pa àwọn ọmọ wa tó ń ṣe dáadáa mọ́, má jẹ́ kí ó sú wọn. Àwọn tó wà ní ìta lónìí, má jẹ́ kí ikú ṣíwájú wa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.