TÚ ẸRÙ RẸ SÍLẸ̀

Ka: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:1-4, 24-28
Ẹsẹ àkọ́sórí: Jeremiah 29:7 (kí gbogbo ilé jọ kà á sókè láti inú Bíbélì)

Nígbà tí tọkọtaya kan nínú ìjọ bá fẹ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, a máa ń gbààwẹ̀ nítorí físà. A máa ń gbàdúrà fún owó ọkọ̀, a sì máa ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí níwájú pẹpẹ. Bákan náà ni nígbà tí ìjọ bá rán pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ lọ dá ìjọ sílẹ̀ ní ìlú tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n àdúrà wa sábà máa ń parí ní pápákọ̀ òfuurufú tàbí ní gáréèjì. Ta ló ń gbàdúrà fún ọ̀sẹ̀ kẹfà? Nígbà náà ni ayọ̀ ìrìn àjò ti rọlẹ̀, oúnjẹ ibẹ̀ kò bá ẹnu mu, aládùúgbò ń sọ̀rọ̀ a kò gbọ́, ìyàwó sì ń sunkún nínú yàrá, kò fẹ́ kí ọkọ òun rí i.

Olùfẹ́, Ọlọ́run tó ń rán ènìyàn lọ mọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ kẹfà pẹ̀lú.

Wo Ákúílà àti Prísílà nínú ẹ̀kọ́ wa ti òní. Àṣẹ Késárì ló lé wọn kúrò ní Róòmù. Wọ́n dé Kọ́ríńtì bí àlejò, síbẹ̀ wọn kò jókòó ti ẹrù wọn kí wọ́n máa dárò Róòmù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgọ́ pípa tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún Pọ́ọ̀lù. Nígbà tí ọ̀nà tún gbé wọn dé Éfésù, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àpólò, ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ sísọ, wá gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ tọkọtaya tó ń pa àgọ́. Níbikíbi tí wọ́n bá dé, wọn a tú ẹrù wọn sílẹ̀.

Ohun tí Ọlọ́run sọ fún àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì nìyẹn. Wòlíì Hananáyà sọ pé ọdún méjì péré ni. Ta ni yóò gbin igi eléso bí ó bá jẹ́ ọdún méjì ló kù? Ṣùgbọ́n Jeremáyà kọ lẹ́tà sí wọn pé àádọ́rin ọdún ni. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú náà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún un.

Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, tọkọtaya kan ṣe irú rẹ̀. David Hinderer jẹ́ ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. rán wá. Ó kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní ọdún 1851, nígbà tí ó jẹ́ ìlú àwọn jagunjagun. Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé Anna Martin níyàwó ní oṣù kẹwàá ọdún 1852. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn méjèèjì fi gúnlẹ̀ sí Èkó. Ẹ rò ó wò: ọkọ ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ìyàwó kò mọ̀ ọ́n rárá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lára àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ wá, ibà ti pa àwọn kan kí ọdún tó yí po. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1853, Anna wọ Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n sì gbé inú rẹ̀. Wọ́n jókòó kọ́ èdè. Ará, Ẹ̀mí Mímọ́ kan náà tó fi èdè fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ló ń fún ènìyàn ní sùúrù láti kọ́ èdè aládùúgbò rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Hinderer gbọ́ Yorùbá débi pé òun ló túmọ̀ ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ tí àwọn bàbá wa kà. Ní ti Anna, ó kó àwọn ọmọdé mọ́ra. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fa àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé wọn lọ́wọ́ láti kọ́ wọn ní ìwé. Ibà dá Anna dùbúlẹ̀ léraléra, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti yá díẹ̀, àárín àwọn ọmọ yìí ni ẹ ó tún ti bá a.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ńlá dé. Ní ọdún 1860, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ọ̀nà etíkun dí. Lẹ́tà kò wọlé dáadáa, owó kò dé, oògùn kò dé. Tọkọtaya yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ àti ohun èlò ilé wọn kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra ẹ̀wà àti iṣu. Ebi pa wọ́n, ó sì pa àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ wọn. Ta ló wá dúró tì wọ́n? Àwọn ará Ìbàdàn tí wọ́n wá wàásù fún náà ni. Ẹni tó wá láti fúnni wá di ẹni tí à ń fún. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni wọ́n fi wà nínú ìhámọ́ yìí. Ní ọdún 1865, àwọn ọmọ ogun Gómìnà Glover tú àwọn ará Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú ká. Lẹ́yìn èyí, Glover rán Captain Maxwell láti Èkó lọ mú Anna tí àìsàn ti sọ di aláìlera jáde. Ọkọ rẹ̀ dúró díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ mọ ohun tó yani lẹ́nu? Wọ́n tún padà wá sí Ìbàdàn! Ọdún 1869 ni wọ́n tó fi ìlú náà sílẹ̀ pátápátá, Anna sì sùn nínú Olúwa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1870.

Bí a bá fi ojú ayé wò ó, wọ́n pàdánù. Ìlera lọ, ẹrù lọ. Ṣùgbọ́n ìjọ mẹ́ta ló kù lẹ́yìn wọn ní Ìbàdàn: Kúdẹtì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa. Ta ló sì di ìjọ mú? Daniel Olúbí ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wọn wá láti Abẹ́òkúta, tó kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé wọn. Ó di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ó sì sin ìjọ Ìbàdàn títí ó fi kú ní ọdún 1912. Kì í ṣe ìwàásù orí àga nìkan ni Olúbí gbọ́. Ó rí bí wọ́n ṣe ń jí, bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà, àti bí wọ́n ṣe ń fara da ebi. Jésù Olúwa pàápàá kò dúró lókè ọ̀run kí ó máa pariwo sí wa. Ó gbé ara wọ̀, ó wá bá wa gbé (Jòhánù 1:14).

Ẹnìkan lè sọ pé, "Pásítọ̀, ṣebí àlejò ni gbogbo wa láyé? Ṣebí inú àgọ́ ni Ábúráhámù gbé?" Òótọ́ ni. Inú àgọ́ ló gbé, ṣùgbọ́n ó gbẹ́ kànga. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lọ́run lè gbẹ́ kànga tí àwọn mìíràn yóò mu lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ní Onípánù lówùúrọ̀ yìí ńkọ́? Àwọn kan ti gbé Ṣómólú tàbí Bàrígà fún ọdún mẹ́wàá, wọn kò mọ orúkọ ẹni tó wà ní yàrá kejì. Kùtùkùtù ni wọ́n ń lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Ikorodu Road, alẹ́ ni wọ́n ń padà wá sùn. Ara wọn wà níbí, ọkàn wọn ti lọ sí Lẹ́kí tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n bá sì dé Lọ́ńdọ̀nù, ọkàn wọn yóò tún wà níbòmíràn. Títí tí Ọlọ́run yóò fi sọ pé ó yá, tú ẹrù rẹ sílẹ̀. Wá àlàáfíà àdúgbò rẹ.

Ọkọ tó mú ìyàwó wá sí ìlú tuntun, ìwọ lo mọ ọ̀nà, òun kò mọ̀ ọ́n. Má ṣe máa lọ sí ìṣọ́ òru lójoojúmọ́ kí o fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ògiri. Mú un lọ sí ọjà. Bá a jókòó. Bi í léèrè ohun tó ń dẹ́rù bà á, kí o sì gbọ́ ọ tán. Ilé tí ẹ jọ gbé náà wà lára iṣẹ́ ìránṣẹ́ yín.

Ìwọ tó jẹ́ onílé, wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àgbàlá yín. Ó lè má gbọ́ Yorùbá. Òun náà wà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà rẹ̀. Àwo oúnjẹ kan lè ṣí ọkàn tí ìwé ìléwọ́ kò tíì ṣí.

OHUN ṢÍṢE: Lónìí, kí aládùúgbò kan tí o kò mọ orúkọ rẹ̀, kí o sì béèrè rẹ̀. Kí o tó sùn, pe tọkọtaya kan tí ìjọ rán lọ tàbí tó lọ sí òkèèrè lórí fóònù. Má ṣe béèrè iye ọkàn tí wọ́n ti jèrè. Béèrè bí ara wọn ṣe le.

ÀDÚRÀ
1. Baba, mo dúpẹ́ pé ìwọ lo pààlà ibùgbé mi. Dárí ìráhùn mi jì mí, ní orúkọ Jésù.
2. Olúwa, fún àwọn míṣọ́nnárì wa àti aya wọn ní oúnjẹ, ìlera, èdè àti ọ̀rẹ́ ní ibi tí o rán wọn lọ.
3. Ẹ̀mí Mímọ́, sọ ilé wa di ibi tí ẹlòmíràn yóò ti rí Jésù.
4. Gbàdúrà fún àlàáfíà Onípánù, Ṣómólú àti Bàrígà, dárúkọ òpópónà tìrẹ. Àmín.