Gbèsè Ẹni Tí Ó Lọ Wòran



Nígbà tí ìsinmi bá dé, ọ̀pọ̀ nínú yín tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ọ̀tà yìí kò fún láyè a máa fẹ́ lọ wòran ní Èkó. Ohun rere ni, nítorí ojú tí ń wo ẹ̀rọ lójoojúmọ́ ní láti sinmi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa: ẹni tí ó lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó ti kú, ǹjẹ́ ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè?

Ẹ jẹ́ kí a fi Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ni àwọn tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, àti irú-ọmọ wọn, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mú ẹ̀sìn Kátólíìkì bọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ wọn fi di orúkọ ìjọ wa títí di òní. Kí àlùfáà tó wá máa gbé Èkó ní 1868, ọ̀kan nínú wọn, tí a ń pè ní Padre Antonio, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ láàárín wọn. João Baptista da Costa, tí í ṣe Àgùdà, ni ọ̀gá tí ó ṣiṣẹ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Ilojo Bar ní Gbàgede Tinúbú. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní 1855. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o palẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ni, nítorí ọba wà láàyè láti tún un kọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó kọ́ ilé bá ti di erùpẹ̀, bí a tilẹ̀ kọ́ ilé tí ó ga jù ú lọ sí ojú ilẹ̀ náà, kì í ṣe tiwọn mọ́.

N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ìdílé tí ń gbé ilé àtijọ́ ni òjò ń jò sí lórí. Àwa arìnrìn-àjò a yìn ín, a ya àwòrán rẹ̀, a sì bá tiwa lọ. Ìyìn kì í tún òrùlé ṣe. Bí gbogbo ìlú bá ń wí pé, “Tiwa ni,” ìwà àìṣòdodo ni kí a pín ẹwà rẹ̀, kí a sì fi ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ fún agbo ilé kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ni ilé pẹ̀lú kò sì gbọdọ̀ wí pé, “Tèmi nìkan ni,” nítorí ohun tí a gbà lọ́wọ́ àwọn baba jẹ́ ohun tí a ní láti fi lé ọmọ lọ́wọ́. Àní ní Róòmù, láti 2011, ìlú náà ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ àlejò tí ó bá sùn ní ilé ìtura rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ, ẹ kí àwọn onílé kí ẹ tó wọ àgbàlá wọn. Ẹ fún ẹni tí ó mú yín káàkiri ní owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ ìtàn àwọn tí ó kọ́ ilé wọ̀nyí fún àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì gbàdúrà fún ọkàn wọn. Bí a bá sì ń wá owó láti tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe, ẹ má ṣe fà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbé Sango fún ọdún pípẹ́ láìtíì fi ẹsẹ̀ tẹ àdúgbò àtijọ́ Ọ̀tà, ìlú Àwórì tí ó gbà wá lálejò. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́run kí ó bùkún ìrìn yín.