Ọgbọ́n Ọdún Yìí, Wèrè Ẹ̀ẹ̀míì

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, eré tẹlifíṣọ̀n tuntun kan jáde ní Amẹ́ríkà. Star Trek: The Next Generation ni orúkọ rẹ̀. Gene Roddenberry, ẹni tó dá Star Trek àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1966, ló tún dá èyí náà sílẹ̀: ìtàn ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, àti àwọn ènìyàn tó ń gbé inú rẹ̀. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe é ní ọgbà Paramount ní Los Angeles. Nígbà tó fi máa parí ní oṣù Karùn-ún 1994, apá 178 ló ti jáde, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn dé ilẹ̀ òkèèrè.

Àwọn tó ṣe eré yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe ahun. Fíìmù 35mm, irú èyí tí wọ́n fi ń ya sinimá ńlá, ni wọ́n fi ya àwọn òṣèré wọn. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í fojú fo nǹkan kékeré: òwú ara aṣọ, òógùn iwájú orí, ìlà tín-ín-rín abẹ́ ojú, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀. Lẹ́yìn tí kámẹ́rà ti dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó wọ́.

Láyé Star Trek àkọ́kọ́, fíìmù gan-an ni wọ́n ń gé, òun náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, títí iṣẹ́ á fi parí. Nígbà tó fi máa di 1987, fọ́nrán fídíò ti gbòde. Wọ́n á da àwòrán inú fíìmù sórí fọ́nrán. Orí fọ́nrán ni wọ́n á ti gé e, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tò ó, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti kọ orúkọ àwọn òṣèré sí i. Bí iṣẹ́ bá parí, fọ́nrán ló wà lọ́wọ́. Kò sí fíìmù kankan níbì kan tí eré náà pé sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwòrán àrà ló mú kí fọ́nrán wù wọ́n jù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú náà. Ère ọkọ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀. Kámẹ́rà tí ẹ̀rọ ń darí á rìn kọjá níwájú rẹ̀, á ya ara ọkọ̀ náà. Á padà sẹ́yìn, á tún ipa ọ̀nà kan náà rìn láìyẹsẹ̀, á ya iná ojú fèrèsé nìkan. Á tún un rìn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di iná ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá to gbogbo rẹ̀ léra wọn lórí òkùnkùn tó kún fún ìràwọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tò ó lórí fíìmù, á pẹ́, á jẹ owó rẹpẹtẹ, àdàkọ orí àdàkọ á sì máa mú àwòrán ṣá. Lórí fídíò, kíá ni. Apá tuntun sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà náà, kò jọ pé wọ́n pàdánù ohunkóhun. Tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, ìlà 525 ló ní, nǹkan bí 480 nínú rẹ̀ ló sì ń gbé àwòrán. Bó ti wù kí fíìmù dára tó, ìwọ̀n yẹn náà ni yóò dé ilé òǹwòran. Èmi ò lè bá wọn wí. Ẹni tó bá wà ní ipò wọn, tí owó ń lọ, tí ọjọ́ ń lé e, ohun tí òun náà yóò ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀ẹ̀míì. Ohun tó ń bọ̀ kò fara pamọ́. Láti àwọn ọdún 1960 ni iléeṣẹ́ NHK ní Japan ti ń ṣe ìwádìí lórí tẹlifíṣọ̀n tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara, wọ́n sì ti gbé e wá fi han Amẹ́ríkà ní 1981, ọdún mẹ́fà ṣáájú kí eré yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1998 ni àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní HD, sáfẹ́fẹ́. Ní 2006, Blu-ray, díìsìkì tó ń gbé àwòrán HD, wọ ọjà. Àwòrán HD tó pé ní àmì 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró. Tí a bá ṣírò rẹ̀, ó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ti fọ́nrán àtijọ́ kò ju nǹkan bí 350,000. Ìlọ́po mẹ́fà ni wọ́n fi jura.

Ibẹ̀ ni èèmọ̀ ti wọlé. Ní 2006 kan náà, wọ́n gbé fíìmù Star Trek àkọ́kọ́ jáde kúrò níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, wọ́n fi ẹ̀rọ tuntun dà á kọ, wọ́n tún àwọn àwòrán àrà rẹ̀ ṣe. Àwòrán inú rẹ̀ ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á. Èyí tí wọ́n ṣe ní ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ wá ń ṣú dùdù lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Àbúrò ń ṣókùnkùn níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń tàn. Ẹ̀rọ lè fẹ àwòrán fọ́nrán lójú. Ohun tí fọ́nrán kò gbà sílẹ̀, ẹ̀rọ kò lè mú un jáde.

Ohun kan ló kó wọn yọ: wọn kò da nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù gan-an tí kámẹ́rà fi yà á, nù. Ní 2011, iléeṣẹ́ CBS, tí eré náà ti di tirẹ̀, kéde pé àwọn yóò tún gbogbo eré náà ṣe. Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún róòlù fíìmù ni wọ́n ní láti yẹ̀ wò, kí wọ́n tó mọ èwo nínú gbogbo ohun tí kámẹ́rà yà ló wọ inú eré. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ gé láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó lè bá ti àtijọ́ mu. Ara ọkọ̀, iná fèrèsé, iná ẹ́ńjìnnì, wọ́n tún tò wọ́n léra wọn. Ìtànṣán tó ń jáde lẹ́nu ìbọn àwọn ènìyàn inú eré náà, orí fídíò nìkan ni wọ́n ti yà á, nítorí náà wọ́n ní láti tún un yà. Mike àti Denise Okuda, tí àwọn méjèèjì ti bá wọn ṣe Star Trek tipẹ́, wá ń tọ́ wọn sọ́nà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé apá kan tí wọ́n ń pè ní “Sins of the Father” jáde, wọn kò tíì rí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀. Ti fọ́nrán àtijọ́ ni wọ́n fẹ̀, tí wọ́n fi dí àlàfo náà. Láti 2012 títí di ìparí 2014 ni wọ́n fi gbé gbogbo rẹ̀ jáde.

Àwọn arọ́pò rẹ̀ kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Deep Space Nine àti Voyager, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣe wọ́n. Títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí, kò sí HD tiwọn lọ́jà, nítorí ìnáwó náà pọ̀ ju èrè tí wọ́n rò pé yóò wọlé. Tàbí ká wo Babylon 5, eré tẹlifíṣọ̀n mìíràn nípa òfuurufú, tó parí ní 1998. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀ ń bọ̀, wọ́n sì ya àwọn òṣèré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe àwọn ọkọ̀ inú rẹ̀, ní ìwọ̀n tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Nígbà tí DVD rẹ̀ jáde ní fífẹ̀, ṣe ni wọ́n gé orí àti ìsàlẹ̀ àwọn àwòrán àrà náà, tí wọ́n fẹ ìyókù. Òṣèré á wà lójú rẹ kedere; bí ọkọ̀ bá ti yọ, àwòrán á ṣú.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí wálé. Hubert Ogunde àti Ọlá Balógun fi fíìmù ṣe sinimá Yorùbá láwọn ọdún 1970 àti 1980. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, tí apá kò ká owó fíìmù mọ́, fídíò ló gba àwọn òṣèré wa là. A ò gbọdọ̀ kóyán rẹ̀ kéré. Òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà wà títí dòní. Ṣùgbọ́n káséètì yẹn nìkan la ní, kò sí nẹ́gẹ́tíìfù lẹ́yìn rẹ̀ tí a lè padà sí. Lónìí, kámẹ́rà tó mọ́ gaara ti wọ́pọ̀, ewu sì ti yí àwọ̀ padà. Wọ́n á parí fíìmù, wọ́n á gbé e sórí YouTube, wọ́n á sì pa gbogbo ohun tó wà lórí káàdì àti háàdì díìsìkì rẹ́ kí àyè lè wà fún òmíràn. Owó díìsìkì kan ni wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́. Ohun tí wọ́n pa rẹ́ náà ni nẹ́gẹ́tíìfù tiwa.

Ẹ̀yin olùdarí, ẹ̀yin tó ń gé fíìmù, ẹ̀yin tó ń náwó sí i, ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí kò ju mẹ́ta lọ. Ìwọ̀n tí kámẹ́rà fi yà á ni kí ẹ fi parí rẹ̀. Ẹ má ṣe ya àwòrán ńlá kí ẹ wá fún un mọ́ ìwọ̀n kékeré nítorí pé ó yá. Ẹ tọ́jú ojúlówó sí ibi méjì, ó kéré tán, kí ẹ sì kọ ohun tó wà níbẹ̀ sára rẹ̀, kí ẹni tí kò bá yín ṣe é lè mọ̀ ọ́n. Ẹ sì ka owó ìtọ́jú yẹn mọ́ owó fíìmù láti ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ẹ ti ń ka owó oúnjẹ àti ti ọkọ̀. Iléeṣẹ́ olówó ni Paramount àti CBS, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tún ohun tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ ṣe. Àwa tí a kò lówó tiwọn, títọ́jú rẹ̀ nísinsìnyí nìkan ni agbára wa ká.