Èéfín Tí A Bò

Kò sí àdúrà tí àmín rẹ̀ ń dún tó ti "Ọlọ́run má tú wa láṣìírí." Ìbáà jẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ìbáà jẹ́ níbi òkú àgbà, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tọmọdé tàgbà ni yóò dáhùn. Mùsùlùmí ni mí, mo sì mọ̀ pé Ẹni tí ń bo àṣírí ẹrú rẹ̀ wà lára àwọn orúkọ tí a fi ń ké pe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá kan náà tí à ń ṣàmín yìí la tún ń sọ pé èéfín nìwà, pé bó ti wù kí a bò ó mọ́lẹ̀ tó, rírú ni yóò rú. Èwo ni ká wá dì mú? Bí ìwà bá jẹ́ ohun tí kò ṣeé bò, kí là ń bẹ Ọlọ́run sí? Bó bá sì ṣeé bò, ṣé àánú ni bíbò náà, àbí ẹ̀tàn?

Èmi kì í ṣe ààfáà. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń ṣe ní Kirikiri, l'Ékòó, láàárín àwọn ọkọ̀ tọ́ọ̀gì àti bájì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé èéfín gan-an ni àwọn èèyàn ń sanwó fún mi láti bò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí písítìn ẹ́ńjìnì dísù bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀, tí dísù sì gbiná lórí rẹ̀, agbára tó wà níbẹ̀ lè ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Ríìngì ara písítìn ló ń dí agbára yìí mọ́lẹ̀, àmọ́ kò sí ríìngì tó ń dí i tán, kódà lára ẹ́ńjìnì tuntun. Díẹ̀ á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì kọjá, á bọ́ sísàlẹ̀ níbi tí kránkì ti ń yí. Ooru àti eré kránkì ti lu ọ́ìlì ibẹ̀ di ìkùukùu, ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Òun àti èédú, oru omi àti dísù tí kò jó tán á wá dà pọ̀. Bí wọn kò bá ríbi gbà jáde, wọn á ti ọ́ìlì gba ojú sííli àti gáskẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá ihò ìmí sí ẹ́ńjìnì lára, èyí tí àwa ń pè ní bíríídà.

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi sẹ́nu bíríídà, wọ́n á kọjú rẹ̀ sílẹ̀, ó parí. Bí o bá wọ ẹ́ńjìnì rúùmù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ á lẹ̀ mọ́ irin àtẹ̀gùn. Ògiri tí wọ́n kùn ní funfun á ti ràwọ̀. Omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ á máa dán yinrin, bẹ́ẹ̀ òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní MARPOL kò fẹ́ kí ọ́ìlì tó wà nínú omi tí ọkọ̀ ńlá ń tú dànù ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù lọ. Èyí tó burú jù ni ti ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnì. Ohun tí ẹ́ńjìnì mí síta lòun ń mí sínú, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Nítorí èyí ni a fi ń fi fíltà sẹ́nu bíríídà. Fíltà náà kò tóbi ju garawa kékeré lọ. Ìkùukùu á wọ inú rẹ̀, àwọn ẹ̀kán ọ́ìlì á so pọ̀ mọ́ òwú tó wà níbẹ̀ títí wọn á fi wúwo, wọn á sì kán padà sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Afẹ́fẹ́ tó kù á gba họ́ọ̀sì mìíràn lọ sí ẹnu túbò, kí ẹ́ńjìnì tún fà á símú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le, àmọ́ ó gba sùúrù. O gbọ́dọ̀ gbé fíltà náà ga ju ojú ọ́ìlì lọ kí ọ́ìlì lè fúnra rẹ̀ ṣàn padà. Họ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ sọ̀ níbikíbi, nítorí ibi tó bá sọ̀ ni omi àti ọ́ìlì á dúró sí, wọn á sì dínà èémí. Má gbé e sún mọ́ páìpù èéfín tó gbóná. Má gbàgbé fáàfù tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí òwú bá dí.

Alhaja kan ló pè mí lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀, èyí tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń dúró sí lójú òkun. Ẹ́ńjìnì méjì ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹńjiníà, ẹ bá mi gbé fíltà yẹn sí méjèèjì. Àwọn oníbàárà mi ń fi áńkáṣíìfù bo imú, ojú ń tì mí."

"Kò burú, Alhaja. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn èémí wọn ná."

"Kí lẹ tún fẹ́ wọn? Èéfín ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi dá dúró."

Mo ní họ́ọ̀sì kan tí inú rẹ̀ hàn kedere, tí mo tẹ̀ kọdọrọ mọ́ pákó pẹlẹbẹ, tí mo bu omi aláwọ̀ búlúù sí. Mo fi ẹnu rẹ̀ kan bọ ojú ihò tí a ti ń yọ irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, mo fi ẹnu kejì sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, agbára inú rẹ̀ á ti omi náà, apá kan á lọ sílẹ̀, ìkejì á gòkè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni mo ń kà, mo sì ń fi wé ohun tí ìwé ẹ́ńjìnì sọ. Nígbà tí a ti ọkọ̀ sí eré, omi ẹ́ńjìnì apá ọ̀tún kàn mì díẹ̀. Ti apá òsì ta jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì, ó sì fọ́n sí Alhaja lára ìró.

Mo sọ fún un pé ti ọ̀tún á gba fíltà lónìí, ṣùgbọ́n ti òsì, títú la máa tú u. Inú rẹ̀ kò dùn. Owó fíltà ni ó mú wá, kì í ṣe owó ríìngì. Ó ní kí n ṣáà gbé e sí méjèèjì, kí Ọlọ́run máa bò wá láṣìírí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ì bá ti kọ̀ fún un pátápátá, nítorí pé òun kò gba ti fíltà yìí rárá. Àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń gbé síwájú bíríídà. Bí ìmí náà bá ti rí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti mọ bí ríìngì ṣe rí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá bo bíríídà ti di ẹ́ńjìnì lẹ́nu kó má baà sọ ohun tó ń ṣe é. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi pé ta ló ń sanwó òtítọ́ tí ọ̀gá mi fẹ́ràn. Òun á gbé ọwọ́ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, á sì gòkè lọ. Ọmọ tó wà nísàlẹ̀ ló ń fi ẹ̀dọ̀fóró gbé òtítọ́ náà kiri.

Ọ̀rọ̀ Alhaja náà kò sì ṣeé tẹ̀ lé. Fíltà kì í wo ríìngì sàn. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ó tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí èémí bá pọ̀ ju agbára fíltà lọ, ọ́ìlì á bá a gba ẹnu túbò wọlé, ẹ́ńjìnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́ìlì ara rẹ̀ sáré. Nígbà náà, o lè ti dísù pa, kò ní kú. Àfi bí o bá dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Àléébù tí a bò ti di oúnjẹ fún un nìyẹn.

Ẹ̀sìn mi ló là mí lójú. A kọ́ wa pé ẹni tó bá dẹ́ṣẹ̀ lóru tí Ọlọ́run sì bò ó, kó má fi ẹnu ara rẹ̀ polongo rẹ̀ láàárọ̀. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Òun kan náà ló dé ìdí òkìtì oúnjẹ lọ́jà, tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, tó bá a pé ìsàlẹ̀ tutù. Ó bi ọlọ́jà pé kí ló dé tí kò gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara àwa. Ẹ̀kọ́ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi, bíbò ni ẹ̀yẹ rẹ̀. Àléébù tí ẹlòmíràn fẹ́ fi owó rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ gbé, kò sí àánú nínú bíbò rẹ̀.

Ẹ tún wo èyí: Ọlọ́run tó ń boni láṣìírí náà ni Olùríran. Òun kò bo ohunkóhun mọ́ ara rẹ̀ lójú. Àwa ni a máa ń fẹ́ bo nǹkan tán kí a sì gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Imam al-Ghazali, tó kú ní ọdún 1111, ya odidi apá kan sọ́tọ̀ nínú ìwé Iḥyā' rẹ̀ fún bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ ọkàn tirẹ̀. Ó ní kí a mú un bí alájọṣòwò, kí a bá a ṣàdéhùn kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì bá a ṣírò nígbà tí ọjọ́ bá lọ. Kò sọ pé kí a gbé ìwé ìṣírò náà lọ há sẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣáà ní kí ìṣírò wà.

Òfin ọkọ̀ ojú omi gan-an kò fọkàn tán ohun tí a dé pa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ọkọ̀ Reina del Pacifico ń ti ìdánwò bọ̀ wá sí Belfast nígbà tí ìkùukùu ọ́ìlì gbiná nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀, tó sì bú gbàmù. Èèyàn 28 ló kú. Lónìí, ìlànà àgbáyé lórí ààbò ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń pè ní SOLAS, fi dandan lé e pé ẹ́ńjìnì tí fífẹ̀ sílíńdà rẹ̀ bá tó 200 mìlímítà gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn fáàfù tí yóò ṣí fúnra rẹ̀ bí agbára bá ru sókè níbi kránkì. Ẹ dé e o, àmọ́ ẹ fi ibi tí yóò gbà sọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Mo wí gbogbo rẹ̀ fún Alhaja, bí ìtàn oúnjẹ tó tutù sì ti wọ̀ ọ́ létí ló dákẹ́. Oníṣòwò ni, ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òkìtì. A tú ẹ́ńjìnì òsì. Ríìngì kan ti dá sí méjì, ó sì ti ha ògiri sílíńdà lójú. A tún un ṣe, a sì gbé fíltà sí méjèèjì. Mo so pákó kékeré kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ́ńjìnì rúùmù. Gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì la ó máa wọn èémí, a ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀.

Pákó yìí ló tún dá ìjà sílẹ̀. "Ẹńjiníà, ìwé yín ló yẹ kó wà. Ta ló ní kí ọmọọṣẹ́ lásán máa ka àṣírí ẹ́ńjìnì mi?"

"Alhaja, imú ọmọ yẹn lẹ́ńjìnì yín ń mí sí tẹ́lẹ̀. Ó ti san owó tirẹ̀ ṣáájú wa."

Ibi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ ìbòláṣìírí nìyẹn. Kò pọn dandan kí oníbàárà tó wọkọ̀ fa èéfín símú kó tó mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń gbó. Ohun tó tọ́ sí i ni pé kí ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó mọ̀, tó sì ní ẹnu láti sọ, tí iṣẹ́ kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó sọ.