Pípe Nǹkan Lórúkọ

Ẹni tó wọ dáńfó láti Ajah ní Èkó kì í nawọ́ sí ibi tó ń lọ. Bó bá ti kù díẹ̀ kó débẹ̀, á pariwo pé "Jakande wà o!", dẹ́rẹ́bà á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí command palette ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn fún àwọn tó ń kọ kóòdù ní Lekki. Nínú VS Code, ètò ìkọ-kóòdù tí Microsoft kọ́kọ́ fi han aráyé ní 2015, tẹ Ctrl, Shift àti P pọ̀, àpótí kékeré kan á yọ lókè. Kọ lẹ́tà mẹ́ta mẹ́rin nínú orúkọ iṣẹ́ tó o fẹ́, tẹ Enter, ó parí. Mouse ò dá sí i. Ọgbọ́n náà kì í sì í ṣe tuntun: láti àwọn ọdún 1970 ni Emacs, ètò ìkọ̀wé mìíràn lórí kọ̀ǹpútà, ti ń jẹ́ káwọn èèyàn pe àṣẹ lórúkọ.

Wọ́n sábà máa ń yìn ín pé ó yá. Ìyẹn ò tó. Lójú tèmi, irú ìmọ̀ tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni ló ṣe pàtàkì. Mẹ́nù á to nǹkan síwájú wa, á ní ká mú èyí tó wù wá. Palette á bi wá pé kí la fẹ́, á sì dákẹ́. A ò lè dá a lóhùn láìjẹ́ pé a ti pinnu lọ́kàn wa. Àwọn àgbà Yorùbá mọ agbára pípe nǹkan lórúkọ dáadáa. Babaláwo á ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, awẹ́ mẹ́jọ á dojú dé tàbí kó ṣí sókè, ọ̀kan á yọjú nínú odù 256. Àmọ́ bí kò bá tíì dá odù náà mọ̀ lórúkọ, kò sí ẹsẹ tó máa kì. Ọlọ́fọ̀ náà gbà pé gbogbo nǹkan ló ní orúkọ tá a lè fi pè é kó sì jẹ́ni. Òótọ́ ni pé babaláwo kọ́ ló ń yan odù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló ń yan àṣẹ tiẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni pé ohun tó wà lẹ́yìn orúkọ pọ̀ ju èyí tójú lè kó tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnì kan lè ní: ẹni tí ò mọ orúkọ ńkọ́? Mẹ́nù kúkú ń fi nǹkan hàn án. Àtakò gidi ni, ṣùgbọ́n palette kì í lé aláìmọ̀ dànù. Lẹ́tà díẹ̀ ti tó, ẹ̀gbẹ́ orúkọ ni wọ́n sì máa ń kọ bọ́tìnnì tó lè tẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn sí. Nínawọ́ pàápàá ń yọ àwọn kan sílẹ̀. Afọ́jú tó ń lo NVDA, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, kò rí ọfà tó máa tọ́ka. Orúkọ tí ẹ̀rọ bá kà sí i létí ló lè lò.

Èyí tó le jù ni ti ẹni tó ń sọ nǹkan lórúkọ. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba wó àdúgbò Maroko ní Èkó, wọ́n kó díẹ̀ lára àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Ìlàsán àti Ìkọ̀tá, ilẹ̀ wọn sì di Victoria Island Extension. Alágbára ló ń sọ ilẹ̀ lórúkọ. Nínú palette náà, ẹni tó ń fi Yorùbá ronú gbọ́dọ̀ pe "Go to Definition" kí ẹ̀rọ tó gbọ́. Emacs gbà wá láyè díẹ̀: ìlà kan péré ló máa sọ find-file di ṣí-fáìlì. Àmọ́ kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà lọ́jà ò ní ṣ. Síbẹ̀, Windows ti ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú tipẹ́, a kàn ní láti tàn án ni. Kí ọmọ Yorùbá tó ń kọ kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àṣẹ lórúkọ, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.