Ọ̀ṣẹ́túrá: Ta Ni Ẹni Kẹtàdínlógún Nínú Iṣẹ́ Rẹ?

  

Inú Ọ̀ṣẹ́túrá ni ọ̀rọ̀ tòní ti wá. Ẹni tó bá ń bọ Ifá mọ Odù yìí dáadáa, torí a kì í rúbọ tán ká má pè é. Òun ló ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ kó dé. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ gbà wò ó lónìí, ọ̀nà iṣẹ́ ọwọ́ ni: iṣẹ́ kan ṣoṣo tó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ kó tó jáde, àti ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fo ọwọ́ kan dá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí fún àwọn tí kò tíì gbọ́ ọ rí.

Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún wa, nígbà tí Olódùmarè ń rán àwọn irúnmọlẹ̀ wá láti tún ayé ṣe, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, ẹyọ kan péré ni obìnrin. Ọ̀ṣun ni obìnrin náà. Nígbà tí wọ́n délé ayé, àwọn ọkùnrin la igbó orò, wọ́n la igbó ọpa, wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Wọn ò pe Ọ̀ṣun sí i. Wọ́n ní kí ni obìnrin máa wá ṣe níbẹ̀? Ọ̀ṣun ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn fi wọ́n sílẹ̀ ni.

Ni nǹkan bá dàrú. Òjò tí wọ́n ń pè ò rọ̀. Àìsàn tí wọ́n ń wò ò san. Ohun tí wọ́n tò lówùúrọ̀ ti tú kó tó di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo agbára wọn ló wà lára wọn o, ohunkóhun ò dín níbẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ ò jẹ́. Ni wọ́n bá padà tọ Olódùmarè lọ láti fẹjọ́ sùn.

Ìbéèrè tí Olódùmarè bi wọ́n ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Kò bi wọ́n pé ta ló gbọ́n jù nínú yín. Kò bi wọ́n pé ta ni olórí. Ó ní, ẹ̀yin mélòó ni mo rán? Wọ́n ní mẹ́tàdínlógún. Ó ní, ẹni kẹtàdínlógún yín ńkọ́, ṣé ẹ máa ń pè é sí ìmọ̀ràn? Wọ́n ní rárá. Ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n bẹ Ọ̀ṣun, ẹ̀bẹ̀ náà ò sì rọrùn. Oyún wà nínú rẹ̀. Ó ní bí òun bá bí ọkùnrin, ọmọ náà á máa bá wọn lọ. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, òun ò mọ́ wọn mọ́. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n fi àṣẹ sí i, ó bí ọkùnrin. Ọmọ yẹn ni Ọ̀ṣẹ́túrá. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí wọn ò kà sí ló bí ẹni tó ń gbé ẹbọ gbogbo wọn dé ọ̀run.

Ìtàn tán. Ó ku ẹ̀kọ́.

Àdúgbò wa yìí, Bàrígà sí Ṣómólú, gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ẹni tó bá gba òpópónà Bajulaiye tàbí Shipeolu kọjá á gbọ́ ohùn máṣíìnì láti inú ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù. Kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáde. Ìwé ẹsẹ Ifá pélébé tí àwọn awo ń tà fún ọmọ wọn náà wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú irú ìwé yẹn, èyí tó jẹ́ ojú ìwé 16 péré, ká wá béèrè bí Olódùmarè ṣe béèrè: ẹ̀yin mélòó ni?

Àgbà awo tí ọ̀rọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde wà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í, tó kọ ọ́ sílẹ̀, wà níbẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ni ìkẹta. Ẹni tó ń tún un kà, tó ń fi àmì ohùn sí i, ni ìkẹrin. Oníṣẹ́ gíráfíìkì tó ya ẹ̀yìn ìwé, tó pín ọ̀rọ̀ sójú ìwé, ni ìkarùn-ún. A ò tíì kúrò nídìí kọ̀ǹpútà o! Ẹni tó ń ta bébà ńkọ́? Ẹni tó ń ṣe pléètì ńkọ́? Bí ẹ̀yìn ìwé bá ní àwòrán aláwọ̀ mèremère, pléètì mẹ́rin ló máa ṣe, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún yẹ́lò, ọ̀kan fún dúdú. Onímáṣíìnì ló máa mú kí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sórí ara wọn gẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ yẹ̀, ojú tí wọ́n yà síbẹ̀ á di méjì. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń fọ róllà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bu dísẹ̀ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ wà níbẹ̀, torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, gbogbo wa la jọ máa dúró. Ẹni tó ń ká bébà, ẹni tó ń tò ó, ẹni tó ń rán an tàbí tó ń fi wáyà dì í, ẹni tó ń gé etí rẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ tó gbé e lọ sọ́jà, ẹni tó tà á, ẹni tó sì yọ owó tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka yín kà wọ́n fúnra yín.

Nínú gbogbo wọn, àwọn tí a kì í sábà rántí ni àwọn tó ń ká bébà. Obìnrin àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló sábà máa ń wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Àwọn èèyàn á ní, ká bébà lásán, kí ló wà níbẹ̀? Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Bébà ńlá kan tí a bá ká lẹ́ẹ̀mẹta á di ewé mẹ́jọ, ìyẹn ojú ìwé 16. Kí a tó ká a, bí ẹ bá tẹ́ bébà náà sílẹ̀, ẹ ó rò pé aṣiwèrè ló to ojú ìwé rẹ̀. Òmíràn dorí kodò. Ojú ìwé 1 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 16. Ojú ìwé 4 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 13. Ojú ìwé 8 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 9. Ẹ ro ẹyọ méjì méjì wọn pọ̀ kí ẹ wò ó: 17 ni gbogbo wọn. Mi ò sọ pé àwọn tó dá ọgbọ́n yẹn mọ Ọ̀ṣun o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọwọ́ obìnrin tó ń ká a ni mẹ́rìndínlógún ti máa ń di odindi. Bí ó bá ká a sódì, awo tó dá Ifá lójú ìwé 3, ẹbọ ẹlòmíràn lẹ́ ó bá pàdé ní ojú ìwé tó kàn. Ọmọ awo tó ń fi ìwé yẹn kọ́ṣẹ́ á kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, á sì kì í bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn.

Ẹ tún wo ẹni tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń yọ iṣẹ́ yẹn kúrò láti fi dín owó kù. A ní Yorùbá tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà. Ó dáa. Ẹ kọ a-g-b-o sínú ohun ẹbọ láìfi àmì kankan sí i. Ṣé àgbò ni, ẹran tó ń kàn? Àbí àgbo, ewé tí a sè sínú ìkòkò? Ẹ wo baba kan tí ọmọ rẹ̀ wà lórí ẹní àìsàn. Ó ka ìwé yẹn, ó lọ yá owó ra àgbò, nígbà tí ohun tí Ifá ní kó ṣe fún ọmọ náà jẹ́ àgbo tí kò ju kó wá ewé lọ́wọ́ ẹléwé ọmọ. Gbèsè dé, ewé ò dé. Ta ló jẹ̀bi? Kì í ṣe Ifá. Ẹni kẹtàdínlógún tí a ò pè ni.

Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀?

Ifá fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn wá. Ẹ wo bí ẹsẹ Ifá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó sọ ìṣòro, kó tó sọ ẹbọ, kó tó sọ ìyọrísí, ó máa ń kọ́kọ́ dárúkọ awo tó dá a. Lẹ́yìn náà ló tó dárúkọ ẹni tí a dá a fún. Orúkọ oníṣẹ́ ló ń ṣíwájú. Bákan náà ni ìjúbà wa. A kì í fọwọ́ kan ọpọ́n kí a má júbà Akọ́dá, kí a má júbà Aṣẹ̀dá, kí a má júbà ojúgbọ̀nà tó kọ́ wa. Ìyẹ̀rọ̀sùn tí a ń tẹ̀ yẹn pàápàá, kòkòrò ló jẹ igi ìrosùn kó tó di ìyẹ̀. Kòkòrò náà lọ́wọ́ nínú Ifá dídá!

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá tẹ ìwé, orúkọ ẹnì kan péré ló máa ń wà níwájú? Ẹ wo Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló mọ orúkọ Townsend. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń to lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yíǹkì ń kun ọwọ́ wọn, mélòó nínú wa ló lè dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn? Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Nígbà tí William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹẹ́rìndínlógún jáde ní 1980, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnu Salakọ, awo ará Ọ̀yọ́, ni àwọn ẹsẹ náà ti wá. Salakọ ò kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n títí dòní. Ìbà nìyẹn. Dídárúkọ yẹn ò dín nǹkan kan kù lára Bascom.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, "Bàbá, èmi ni mo yọ owó. Mo ti san tiwọn fún wọn, ó ti tán." Ó dára bí o bá san án. Àwọn kan ń jẹ owó aká-bébà mọ́ ọn lára tí ìwé ti tà tán. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Olódùmarè lágbára láti dá nìkan tún ayé ṣe, síbẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló rán. Ìwọ tó o ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan lápò, ṣé o wá ju Olódùmarè lọ ni?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ awo tí ẹ ń fi fóònù kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀, mi ò gbàgbé yín. Ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ ń yàwòrán, ẹ̀yin lẹ ń tún un kà, ẹ̀yin lẹ ń tà á. Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Kò sí owó láti gba ẹni mẹ́tàdínlógún, ó yé mi. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣe é kò sọ pé iṣẹ́ náà di ẹyọ kan. Mẹ́tàdínlógún náà ló ṣì jẹ́, inú ara kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wá kó sí. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kọ̀wé, ẹ jẹ́ òǹkọ̀wé. Ọjọ́ kejì, nígbà tí orí bá ti tutù, ẹ wá jẹ́ ẹni tó ń wá àṣìṣe. Ẹ kà á sókè, kí etí bá ojú ṣiṣẹ́, torí ojú tó kọ ọ̀rọ̀ kì í tètè rí àléébù rẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà tí ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe rárá, ibẹ̀ ni Ọ̀ṣun yín jókòó sí. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún ti bẹ̀bẹ̀ rí.

Ohun tí Ọ̀ṣẹ́túrá wá ní ká ṣe ò pọ̀. Kí a tó dáwọ́ lé iṣẹ́, ká ka orí gbogbo ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Kí a san owó ẹni tó kéré jù kó tó di pé a jẹ èrè. Kí a kọ orúkọ wọn, ó kéré tán ti ẹni tó sọ ọ́, ti ẹni tó tún un kà, àti ti ilé tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń dàrú ṣáá, tó ti rúbọ títí tí kò gbà, kó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ná: ta ni mi ò pè?

Iṣẹ́ ọwọ́ wa ò ní dàrú. Ẹni tó yẹ ká bẹ̀, Ifá á jẹ́ ká rí i bẹ̀. Ọ̀ṣẹ́túrá á gbé ẹbọ wa dé ọ̀run, á sì gbé ire wa wálé. Àṣẹ o.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.